Kúlà Pupa Tí Mo Fi Ṣe Báàgì Kámẹ́rà

Ọ̀gá mi kì í yá ẹnikẹ́ni ní lẹ́ǹsì gígùn wọn. Ìyàwó wọn gan-an kò gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní, "Rísì, ìwọ nìkan lo máa lọ ya ìdána Sátidé ní Nàràgútà. Tó o bá mú lẹ́ǹsì mi padà wá láì bàjẹ́, tí fọ́tò sì dáa, màá ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ẹ," ṣe ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Ayọ̀ ló fà á.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tìámíyù. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá ti ṣàdúrà fún wọn, wọ́n ti gbàwé ẹ̀rí, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Èmi nìkan ni mo ṣẹ́ kù, torí pé mo ti fìgbà kan jẹ́ kí kámẹ́rà bọ́ sínú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá mi ti ń bi mí bóyá mo fẹ́ darúgbó sí ṣọ́ọ̀bù náà ni.

"Àmọ́ wá báàgì gidi fún un o," ni Ọ̀gá wí. "Báàgì tó o bá mú ni màá fi mọ̀ bóyá o ti gbọ́n."

Méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àkọ́kọ́ ni àpótí pákó tí káfíńtà kan ní Kàtàkò kàn fún Ọ̀gá. Ó lágbára lóòótọ́, kò sí ohun tó lè ṣe lẹ́ǹsì nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gbé e dé etí títì lọ́jọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ wo àpótí, ó wò mí, ó ní "Haba, Hajiya!", òun kì í gbé òkú ọmọdé. Ìkejì ni báàgì dúdú tí wọ́n dìídì rán fún kámẹ́rà, àpò mẹ́rìnlá ló wà lára ẹ̀. Ó rẹwà, àmọ́ tó o bá ti gbé e kọ́rùn, gbogbo olè ìlú ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àpò yẹn sì pọ̀ jù. Mo ki bátìrì kan sínú ọ̀kan lára wọn, títí dòní mi ò tíì rí i.

Ibi tí mo ti ń ronú ni mo ti rí kúlà pupa ìyá mi ní kíṣíìnì. Ẹ gbà mí o! Kúlà le, omi òjò kì í wọ inú ẹ̀, ó ní ọwọ́ ìgbé, mo sì lè gun orí ẹ̀ ya fọ́tò táwọn èèyàn bá dí mi lójú. Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbẹ́ ihò sí i, mo fi máákà kọ ohun tó máa wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan: LẸNSI, BATIRI, FILASI. Mo wá fi tówẹ́ẹ̀lì funfun bo gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bo oúnjẹ.

Nígbà tí Ọ̀gá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Rísì, ṣé omi tútù lo fẹ́ lọ tà fún àwọn àna ni?"

"Ọ̀gá, olè wo ló máa jí kúlà?"

 Wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ́ lẹ́ǹsì sínú ẹ̀.

Ní Nàràgútà lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé kúlà mi síbi ògiri, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo gbé fíláàṣì lé e, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Nígbà tí ìdána parí, àwọn ará ilé ìyàwó kó oúnjẹ tí àwọn àna máa gbé lọ sílé wọn ní Làmíńgò jáde. Alága ìjókòó, obìnrin kan tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ń kà á sókè: "Kúlà márùn-ún! Àna wa, ẹ wá wo ìfẹ́!" Ó ṣàdúrà sórí ẹ̀, ó gùn. Mo kúnlẹ̀, mo nàró, mo yà á láti ọ̀tún, mo yà á láti òsì. Àmín mi ló ròkè jù.

Lẹ́yìn tí àwọn àna lọ, ìyàwó ní kí n ya òun láti òkèèrè lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wọn. Iṣẹ́ lẹ́ǹsì gígùn nìyẹn. Mo dé ibi ògiri, ògiri nìkan ni mo bá.

Mo wá abẹ́ tábìlì, mo wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, mo ní kí n wo fọ́tò inú kámẹ́rà, bóyá màá rí ibi tí mo gbé e sí. Mo rí i. Fọ́tò mọ́kànlá! Kúlà mẹ́rin aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan pupa. Kúlà pupa lórí orí ẹnì kan. Kúlà pupa tí ń wọ inú ọkọ̀. Èmi Rísìkátù ni mo kúnlẹ̀ tí mo ya bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ǹsì ọ̀gá mi tọrẹ.

Mo sáré bá ìyá ìyàwó. Wọ́n pe ìyá ọkọ lórí fóònù.

"Àna mi, ṣé ẹ ti délé láyọ̀?"

"A ti dé o! Kúlà pupa yẹn ló dùn mọ́ wa jù. Ẹ tún ra fíláàsì sí i, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà! Bàbá ti ní ká gbé omi kaná, tíì ni wọ́n fẹ́ pò sínú ẹ̀. Òtútù Làmíńgò yìí kò ṣeé fẹnu sọ."

Orí mi fò lọ. Ihò fíláàṣì ni mo kọ FILASI sí, mi ò fi àmì sábẹ́ S ẹ̀, ni wọ́n bá kà á sí fíláàsì omi gbígbóná. Fíláàṣì wà lọ́rùn mi, ihò ẹ̀ ṣófo, lẹ́ǹsì gígùn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá ìyàwó fọwọ́ bo fóònù. "Rísì, ṣé lọ́jọ́ ìdána ni kí n ní káwọn àna dá ẹ̀bùn padà? Ojú á tì mí kú." Wọ́n gbé fóònù setí. "Ẹ má tíì da nǹkan sí i o! Ìdérí ẹ̀ ló kù. Ẹnì kan ń gbé e bọ̀." Wọ́n wá sáré mú fíláàsì aláwọ̀ ewé inú kíṣíìnì wọn lé mi lọ́wọ́. "Lọ fi pààrọ̀ ẹ̀. Bó o ṣe máa ṣe é, èmi ò mọ̀."

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó sáré. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Hajiya, sai hankali," pé ká rọra. Mo ní èmi ò ní hankali kankan lọ́jọ́ náà, kó ṣáà máa lọ.

Nígbà tí mo wọlé, bàbá ọkọ jókòó sí àgbàlá, wọ́n ki lẹ́ǹsì bọ àárín orúnkún méjèèjì, ojú ẹ̀ kọjú sókè. Kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ wọn, ó ń rú èéfín. Ìdérí ti pẹ́ jù fún wọn.

"Bàbá! Ẹ má dà á!"

Mi ò kí wọn, mi ò kúnlẹ̀. Kẹ́tùlù dúró sókè.

"Ta lèyí?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Fíláàsì tiyín nìyí. Ojú kámẹ́rà lẹ mú dání yẹn."

"Ojú kámẹ́rà?" Wọ́n gbé e sókè, wọ́n tún wò ó. "Àbájọ! Mo wo inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí ìyàwó mi tó dorí kodò. Mo rò pé ebi ló ń pa mí."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo gba lẹ́ǹsì, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi nù ún, omijé ń bọ́ lójú mi.

Mo rò ó lọ́nà pé kí n pa fọ́tò mọ́kànlá yẹn rẹ́. Mo gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n dáa jù, ọwọ́ mi ò gbà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rísì, kúlà ta lèyí?"

"Tiwa ni, Ọ̀gá."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Lẹ́ǹsì yín."

Wọ́n ṣí òmíràn. "Níbí ńkọ́?"

"Ibi tí wọ́n ti ń gbé e wọ ọkọ̀ ni." Mo sì sọ gbogbo ẹ̀, títí dórí kẹ́tùlù.

 Ọ̀gá fa fọ́tò náà tóbi, wọ́n wo ojú Alága, wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ìdérí kúlà. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún ìyá mi.

"Wọ́n ń gbé lẹ́ǹsì mi lọ lójú ẹ," ni wọ́n wí, "ọwọ́ ẹ ò sì gbọ̀n. Ìkankan ò bàjẹ́ nínú mọ́kànlá. Oníṣẹ́ lo jẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni fírídọ̀ọ̀mù ẹ."

Mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá mú lẹ́ǹsì, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Lẹ́ǹsì yìí ṣá," ni wọ́n wí, "ìwọ àti òun ò tún jọ jáde mọ́. Lọ ra tìẹ."