Ohùn Jibril, Ìwé Ajíbádé

Ẹni tí kò bá tíì rí owú tó ń gba oorun lójú àgbàlagbà, kó lọ wo Ajíbádé Ògúnfẹ́mi. Kò jowú mọ́tò, kò jowú ilé, ìyàwó ẹnikẹ́ni ò sì wọ̀ ọ́ lójú. Ohùn ló ń jowú. Ohùn lásán tó ń jáde nínú rédíò!

Ọmọ Iléṣà ni Ajíbádé, àmọ́ Dàda Estate l'Óṣogbo ló ń gbé, Àbẹ̀rẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ wo? Lẹ́tà ló ń tẹ̀. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀, Ajíbádé á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, ó parí. Àmọ́ tí ọ̀gá bá ti lọ jẹun báyìí, òkú ni Ajíbádé ń tò síbẹ̀. Ìtàn àwọn apààyàn ló ń kọ! Bó ṣe kọ odidi ìwé kan nìyẹn, Òkú Inú Kòtò Gòòlù. Wọ́n bá ọkùnrin kan nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa gòòlù lẹ́yìn Iléṣà, Sájẹ́ńtì Ògúnṣẹ̀yẹ wá ń fimú fínlẹ̀ kiri títí ó fi mú ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi yẹn. Ìwé náà dùn, irọ́ kọ́.

Àmọ́ kò tà. Inú ṣọ́ọ̀bù Alhaja Àsmá'ù tó bá a tẹ̀ ẹ́ jáde ló wà, eruku ń bò ó.

Alhaja ní, "Ajíbádé, àwọn èèyàn wa kì í ra ohun tí etí wọn ò tíì tọ́ wò. Jẹ́ ká gbé e fún Jibril."

Jibril Àjàgbé nìyẹn, ọmọ Òṣogbo pọ́nńbélé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ó ní èjí lẹ́nu, fìlà funfun kì í kúrò lórí ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n bá da epo sórí iṣu gbígbóná. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè ló ń ka orí kan. Tó bá ṣe ohùn apààyàn, ọlọ́kadà á páàkì gbọ́. Tó bá ṣe ohùn opó, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n á máa nujú. Kò pẹ́ rárá tí ìwé fi tán ní ṣọ́ọ̀bù, Alhaja sì sáré tẹ òmíràn.

Ó yẹ kínú Ajíbádé dùn. Ó dùn lóòótọ́, títí Alhaja fi ní kí wọ́n gbé ìwé náà kiri ìlú: Òṣogbo, Òṣú, kí wọ́n wá fi Iléṣà kádìí ẹ̀. Báńà ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ojú Jibril gba báńà tán, àti èjí àti fìlà. Orúkọ Ajíbádé wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹni tó tẹ báńà.

"Alhaja, ta ló kọ ìwé yìí gan-an?"

"Ìwọ ni nàá."

"Ojú mi wá dà?"

"Ajíbádé, ká sòótọ́. Ojú ẹ dà bíi tẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lólè. Ojú Jibril ń tajà."

L'Óṣogbo, èrò ya bo Jibril bí eṣú. Ajíbádé jókòó nídìí tábìlì tiẹ̀, ó di bírò tuntun mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin kan wá bá a, Ajíbádé ti ṣí bírò.

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní bírò yín. Mo fẹ́ kí Jibril buwọ́ lu ìwé mi."

Bírò yẹn ò padà wá.

Òṣú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajíbádé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń retí kí ẹnì kan dá a mọ̀. Bàbá kan rìn wá bá a tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na ọwọ́ sí i. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sún mọ́tò yín, ẹ ti dí mi lọ́nà."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Iléṣà, Jibril wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nàá. Ìwé yín ń tà."

"Ìwé mi? O ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé tèmi ni."

"Háà! Ta ló ní kì í ṣe tiyín?"

Ajíbádé kọjú sí fèrèsé mọ́tò. Kò lè sọ ọ́ jáde pé ìyá tó bí òun gan-an ni.

Iléṣà ni Màmá Julianah ń gbé. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kàwé mọ́, àmọ́ kò sí Túsìdeè kan tí kì í gbọ́ Jibril. Nígbà tí Ajíbádé kọ́kọ́ sọ fún un pé òun lòun kọ ìtàn náà, ẹ̀rín ló fi rín.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìwọ lo bá a tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ẹ kúkú nìyẹn, kí ẹlòmíràn máa sọ ọ́, kíwọ máa tẹ̀ ẹ́."

Ajíbádé ṣàlàyé títí ọ̀fun ẹ̀ fi gbẹ. Màmá ní òun ti gbọ́, pé kó má ṣe ìlara ọ̀gá ẹ̀ o, ìlara ò dáa. Ọ̀gá ẹ̀! Gbogbo Òṣú lè pè é ní dẹ́rẹ́bà, ìyẹn ò pa á. Àmọ́ kí ìyá ẹ̀ máa gbé ohun tó ti inú orí ẹ̀ jáde fún ẹlòmíràn? Ó ti búra nínú ara ẹ̀: n'Íléṣà, òun lòun máa kà á. Kí màmá fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì màmá ni wọ́n lò, ó kún dẹ́nu. Àwọn ìyá ìjọ jókòó síwájú, màmá wà láàrin wọn, ó na ọrùn bí eriali rédíò. Jibril ṣe "Ẹ káàsán o" lásán báyìí, ilé ti hó yèè. Ni Ajíbádé bá dìde, ó na ọwọ́ sí maìkì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kà á ni?"

"Ṣé mi ò mọ̀wé kà ni?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ gbà." Jibril jókòó, ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Orí tí wọ́n ti rí òkú ló ṣí, ibẹ̀ ló dùn jù. Àmọ́ ohùn Ajíbádé, ohùn lẹ́tà ìjọba ni. Ó ka ikú ọkùnrin yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń kéde pé iná ò ní sí lọ́la. Níbi tó yẹ kí opó ti figbe ta, ó wúkọ́. Ìyá ìjọ kan ti ń tòògbé. Ọkùnrin kan ń dáhùn fóònù ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, gbogbo ilé sì ń gbọ́ ọ: "Rárá o, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló ṣì ń dán maìkì wò."

Ẹlòmíràn pariwo, "Bọ̀dá, ó ti tó! Ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín!"

Ajíbádé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà náà ni ohùn tó mọ̀ látinú oyún wá sọ̀rọ̀ níwájú.

"Ajíbádé, dá a padà fún un. Ìwọ ti tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó sọ ọ́."

Ẹ̀rín ta! Ẹni tó ń tòògbé pàápàá jí dìde rẹ́rìn-ín. Jibril nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba maìkì, ó kọjú sí màmá.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wàlláhì, ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ gbogbo ẹ̀. Ẹnu lásán lèmi ní."

Màmá wá fọwọ́ lé àyà. "Ẹ ò rí bó ṣe ní ìrẹ̀lẹ̀! Olúwa á gbé ẹ ga, ọmọ mi!"

Bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún Jibril nìyẹn, àtẹ́wọ́ tí wọn ò pa rí látàárọ̀. Ajíbádé jókòó, imú ẹ̀ ń gbóná.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀. Àmọ́ màmá ti gúnyán sílẹ̀ dè wọ́n nílé, ó ti pa adìyẹ. Nílé wọn, iwe adìyẹ kì í ṣe ẹran gbogbo èèyàn, olórí ilé ni wọ́n ń gbé e fún. Látìgbà tí bàbá Ajíbádé ti kú, abọ́ Ajíbádé ló ń bọ́ sí. Màmá wá inú ìkòkò pẹ̀lú síbí, ó rí i, ó gbé e, ó ń fọwọ́ wá kiri títí tó fi kan abọ́ Jibril. Ó jù ú síbẹ̀.

Jibril wo iwe, ó wo Ajíbádé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ ẹ́, jàre. Ajíbádé ti jẹ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Jibril jẹ ẹ́. Ó tún ní ó dùn!

Nígbà tí Ajíbádé padà sí Àbẹ̀rẹ̀, kò tẹ lẹ́tà kankan kó tó ṣí ìwé tuntun. Òkú ló fi bẹ̀rẹ̀. Òkú ta ni? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, fìlà funfun, èjí lẹ́nu, ohùn bí epo. Inú yàrá rédíò ni wọ́n ti bá a, wáyà maìkì lọ́rùn ẹ̀. Ó pa á ní ojú ewé kìíní, ó tún padà pa á ní ojú ewé kejì, torí kò dá a lójú pé ó kú dénú.

Alhaja kà á, ó wò ó ṣùn. "Ajíbádé, ta lo pa yìí?"

"Ìtàn ni, Alhaja."

"Ìtàn tó dé fìlà Jibril?"

Ó gbé e fún Jibril ṣáá. Ajíbádé ń retí ìjà, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Jibril pè é lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa á lọ. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ pa mí! Ẹ fara balẹ̀ ẹ wò ó, mo máa ku ikú yìí kó dáa!"

Ó sì kú u lóòótọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó pọ̀kàkà ikú, ó bẹ apààyàn, ó pe ìyá ẹ̀, ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pẹ́ débi pé àwọn èèyàn ń gbá rédíò wọn. Ajíbádé fúnra ẹ̀ ń gbọ́ ọ ní Dàda, omi bọ́ lójú ẹ̀, inú sì tún bí i pé omi bọ́.

Fóònù ẹ̀ dún. Màmá ni.

"Ajíbádé! Ìwọ ni!"

"Èmi ni kí ni, màmá?"

"Ìwọ lo pa ọmọ yẹn! Mo ti jókòó rò ó. Ta ló máa fẹnu ara ẹ̀ pa ara ẹ̀ nínú ìtàn ara ẹ̀? Kò sí! Ẹlòmíràn ló ń kọ ìwé yìí, òótọ́ lo wí fún mi. Nítorí iwe adìyẹ, Ajíbádé? Iwe adìyẹ lásán lo torí ẹ̀ pààyàn?"

"Màmá, Jibril wà láàyè."

"Jí i dìde!"

"Òkú kì í jí."

"Lásárù ńkọ́?"

Ajíbádé ò tiẹ̀ gbọ́ ti Lásárù. Ó ti lẹ fóònù mọ́ etí gbagidi. "Màmá, ta lẹ ní ó kọ ọ́?"

"Ìwọ ni mo ní! Ìwọ, ìkà!"

"Mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ tún un sọ."

Màmá tún un sọ, ó fi igbe tún un sọ títí àwọn ará ilé kejì fi ya dé láti bèèrè pé kí ló dé. Ajíbádé ń gbọ́ ọ lórí fóònù bó ṣe ń dá wọn lóhùn.

"Kò sí nǹkan o. Ajíbádé mi ló kọ ọ́. Owú ló ń jẹ ẹ́."