“E Ma Gbe Igi Yen O”

Títí di òní, bí wọ́n bá tan àbẹ́là nítòsí mi, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí pé ẹni tó tàn án kò ṣẹ̀ mí. Òórùn àbẹ́là tó ń yọ́ ló máa ń gbé mi padà sẹ́yìnkùlé bàbá mi ní Ijoku, ní Ṣàgámù, lọ́dún tí ìjì wó igi orógbó tí ìyá rẹ̀ gbìn sí oko wa ní Irolu. Ọrun gbígbẹ́ ni iṣẹ́ bàbá mi. Àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ́ ẹ fún, nígbà tí ìbọn gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di àwọn òṣèré àti àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní ta nǹkan kan nínú igi ìyá òun. “Ọrun tìẹ ló máa ti inú rẹ̀ jáde,” ló wí fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ọrun yìí ni yóò gbẹ́ kẹ́yìn.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọfà, ọrun oníke la sì ń lò. Bàbá mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba ọrun tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa tipẹ́. Ó fi í sínú òjò títí ó fi jẹrà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

A la igi náà, a kò fi ayùn rẹ́ ẹ, kó lè tẹ̀ lé ọ̀nà ara rẹ̀. Ojú méjèèjì tí a gé ni bàbá mi ń pè ní ẹnu. Ẹnu yìí ni omi ń bá sá jáde kíákíá, tó fi jẹ́ pé ẹnu á ti gbẹ, á ti súnkì, nígbà tí inú ṣì tutù, igi á sì sán. Nítorí náà, a yọ́ àbẹ́là nínú agolo, a fi dí ẹnu ẹ̀là kọ̀ọ̀kan, nígbà tó dì, a tún fi òmíràn lé e. Èmi ọ̀mọ̀wé béèrè ìdí tí a kò fi kó wọn sínú ààrò kó lè yá. “Ṣé búrẹ́dì ni?” bàbá mi bi mí. A tò wọ́n sórí àjà inú ahéré ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn kò dé, a ní ó di ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá dé láti Ìsarà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, màá lọ fi ìka kan wọ́n lára bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó pé òun ń bọ̀ wá palẹ̀ ahéré náà mọ́, òun fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Bàbá wa wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo wà ní kíláàsì, mo yára tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Egbon, e ma gbe igi yen o. Ko ti gbe.”

Nígbà tí mo délé, gbogbo igi náà wà lórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn. Ó ti fi ọ̀bẹ ha àbẹ́là ẹnu wọn kúrò. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sán, pà, pà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ní kí ẹ má gbé e.”

Ó na fóònù sí mi. “Ohun tó o kọ nìyí. *Ẹ máa gbé igi yẹn o, kó ti gbẹ.* Mo gbé e, ó ti gbẹ. Kí lo tún fẹ́? Kí lobìnrin tiẹ̀ fẹ́ fi ọrun ṣe?”

Gbogbo wa là ń tẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi àmì sí i, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kọ́ ló ń bí mi nínú. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yìí dàgbà. Ó mọ̀ pé a kì í sá igi ọrun sóòrùn, ó mọ ohun tí àbẹ́là ń ṣe lẹ́nu igi. Àyè ló ń wá fún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó sì rí ohun tó lè dì mọ́.

Nígbà tí bàbá wa dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ta ló ní kí wọ́n sá a?”

“Àbúrò mi ni, Bàbá. Ó wà nínú fóònù mi.”

Mo pariwo, mo ṣàlàyé, mo sunkún. Bàbá mi kàn ní kí n bá òun kó wọn kúrò nínú oòrùn. Ó ṣa èyí tó sàn díẹ̀ nínú wọn, ó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn, apá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọrun kí igi náà tó là mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi í kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kò gbẹ́ òmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni mo ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun máa gbé ọrun náà kọ́ pálọ̀ òun l'Ékòó, kí àlejò lè mọ̀ pé bàbá òun ló gbẹ́ ẹ fún òun. Fóònù mi dún. Òun ló kọ̀wé: “Ma gbe igi yen o.”

Mo kà á lórí ìdúró. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo gbé igi náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìsarà.

Ara ògiri mi ló wà báyìí, àbẹ́là díẹ̀ ṣì kù ní ẹnu rẹ̀ kan, níbi tí ọ̀bẹ kò dé. Kò lè ta ọfà kankan. Àwọn ẹbí ti bẹ̀ mí títí pé kí n dá a padà, kí àlàáfíà lè wà, mo sì ti dàgbà tó láti mọ iyì àlàáfíà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè tó ń jágbe pé òun ní kí n má gbé e, màá kan ṣí fóònù, màá rọra kà á sí i létí.

“Ohun tí ẹ kọ nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. *Máa gbé igi yẹn o.*”