Ọwọ́ Tí Ìyàwó Mi Fi Ń Dì Mí Mú

Kí a tó dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì ni ìyàwó mi á ti di ọwọ́ mi mú. Bí mo bá fẹ́ fà á yọ nítorí ojú àwọn èèyàn, á ní, "Ọ̀gá yunifásítì, ẹ mú ọwọ́ yín wá jàre. Àwọn tó ń já fóònù gbà kò ní béèrè ìwé tí ẹ kà." Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò sì fi kíláàsì sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́nu ọ̀nà ọjà Aswani, ọkùnrin kan já báàgì ìyàwó mi gbà. Kò sá jìnnà tí èrò fi mú un. Kí a tó débẹ̀, wọ́n ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ẹnìkan sì ti ń yí táyà bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó mi wọ àárín wọn, ó di ọwọ́ olè náà mú, bó ṣe máa ń di tèmi gan-an.

"Màmá, ẹ yàgò, ẹ jẹ́ ká sun ún."

"Ṣé báàgì tìẹ ló jí ni? Èmi ló jà lólè. Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá la ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ nà án, kó kọ́kọ́ nà mí."

Èrò la ọ̀nà fún wọn. Mo gbé báàgì tẹ̀ lé wọn, orí mi ń wú. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ tẹ́ṣàn.

Láti ọjọ́ náà títí ìyàwó mi fi kú, bí a bá ti ń sún mọ́ Òṣòdì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.