Baba Ta-nìyẹn àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Baba Ta-nìyẹn ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe bàbá mi tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sún mọ́ yàrá oògùn tí wọn ò ní bi pé, "Ta nìyẹn?" Bí onítọ̀hún bá dáhùn, wọ́n á tún béèrè ọ̀rọ̀ òòjọ́. Láràárọ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ń lọ sílé máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan sétí èyí tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní wọlé. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Bàbá mi ní bébà ò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mọ òfófó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀: mi ò tíì rí ẹni tó mú iṣẹ́ lọ́kùn-únkúndùn bíi tiwọn.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọ̀gá àgbà kéde pé ẹ̀ṣọ́ tí kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì máa lọ sinmi nílé. Bàbá mi ò fẹ́ sinmi. Màmá mi gan-an ò fẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni bàbá máa wá ṣọ́.

Èmi tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n ké sí. Mo gbé ẹ̀rọ mi sórí tábìlì, mo ní kí bàbá ronú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kí wọ́n fi ṣe páswọ́ọ̀dù tí wọ́n á máa fi ṣí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fún ẹ̀rọ náà. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú ti bàbá mi. Wọ́n dìde, wọ́n ní ayé ti kọjá àwọn, kí n máa gbé ẹ̀rọ mi lọ. Ó dùn mí wọra.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Mo ṣàlàyé pé kí kọ̀ǹpútà tó dáyé ni páswọ́ọ̀dù ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ bodè: ọ̀rọ̀ téèyàn máa sọ kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, tí oníkálukú ò fẹ́ kí ẹlòmíì tú ẹrù òun, wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà lò.

"Ẹ ò ṣì í ṣe, Bàbá," mo ní. "Ẹ̀ṣọ́ ló wà níbẹ̀. Etí ni kò ní. Ìka ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀."

Wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Ṣé ọwọ́ àwa ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ti yá a?"

"Ọwọ́ yín ni."

Bàbá mi fa àga mọ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá wọn lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ ọ̀gá àgbà pé kó jọ̀ọ́ kọjú sí ògiri. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ páswọ́ọ̀dù wọn, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Kọ̀ǹpútà ṣí. Ọ̀gá àgbà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Orí mi wú.

Kí n tó máa lọ, mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà sí èmi olùkọ́ wọn létí. Bàbá mi nàró, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tí wọn ò rí rí.

"Ta nìyẹn?"