Rinrin Ẹ̀yìn Àmù

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fa ewé rinrin ìyá ọkọ mi tu, mi ò sì ní í di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà ní agbo ilé wọn ní Ìdí Arẹrẹ. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, a gbọ́ pé wolé-wolé ti dé Bẹ́yẹrúnkà, pé ó ń yọjú wo tanwíjí nínú àmù, ó sì ń bá onílé tí koríko yí ilé rẹ̀ ká wí. Ọmọ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ni mí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mọ ìmọ́tótó ni wọ́n gbé níyàwó. Kí Ìyá tó ti ọjà dé, mo ti gbá ẹ̀yìn àmù dán, mo sì ti da gbogbo ohun tó hù níbẹ̀ sínú iná. Àṣejù, ẹ̀tẹ́ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọ̀tunla la ó parí ìjà ọkọ rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ni kí n wá fi ṣe omi ẹ̀rọ̀?"

Odidi ọdún méjì ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò ti kí ara wọn nítorí ààlà oko bàbá wọn. Nínú ilé náà, ìjà kì í parí àfi bí wọ́n bá fún rinrin sínú omi tútù, tí àwọn tó ń jà sì jọ fọwọ́ nínú igbá kan. Agbára káká ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi gbà láti wá. Bí ọjọ́ Ẹtì bá yẹ̀, kò ní í wá mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ la sì wà. Rinrin ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Igi rẹ̀ mọ́ gaara bí ìgò, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí omi tó ń gùn ún lọ sókè. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ sì rí tín-ín-rín bí ìrù èkúté, kò ní ẹwà kankan tí à á tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò lẹ́gùn-ún, kò gbógun ti ewéko mìíràn. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń fi í tọrọ àlàáfíà.

Mo wá a dé etí odò Ògùnpa, ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán. Mo wá a dé ìdí òkè Mápó, kò sí. Inú bí mi sí wolé-wolé, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo wá rò ó pé omi púpọ̀ kọ́ ni rinrin ń fẹ́, omi díẹ̀díẹ̀ tí kì í dá, lábẹ́ òjìji ni. Ta ló ń da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Mo sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí kan ní Ọjà'ba. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, rinrin ló tẹ́ rẹrẹ lẹ́bàá ògiri!

Àáfà àgbàlagbà kan bi mí pé, "Ọmọ onígbàgbọ́, kí lo wá ṣe níbí?" Mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bù ú, má kàn fà á tán. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí i."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá fún rinrin sómi lójú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi béèrè ibi tí wọ́n ti rí i nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí.

Ìyá ní, "Ìyàwó wa ló wá a rí."

Orí mi wú débi pé gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ṣùgbọ́n ìyìn náà ò dùn tán létí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, èmi náà ni mo fa ti ilé tu."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí títí, ó wá ki ọwọ́ sínú igbá, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú nínú omi.

Ó ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo sún ààlà yẹn."