Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ máa ń wá bá mi nílé mi ní Ìkìrun báyìí. Mo máa ń ní kí wọ́n rẹ àgbàdo, kí wọ́n fi ewé bò ó títí yóò fi hù, kí wọ́n sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sè é jinná dáadáa, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ọṣẹ kan ìkòkò ọtí láéláé. Wọ́n á ní, "Kí ló dé, mà?" Mi ò jẹ́ sọ ohun tó dé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Inísà, ló kọ́ mi. Ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, ìyá wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọn kì í fọ̀ ọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ni wọ́n ń da ọtí tuntun lé, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti ń hó yaya. Láti Òkukù làwọn èèyàn ti ń wá mu ún.

Èmi ọlọ́gbọ́n ayé! Mo kà á lórí fóònù pé ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ ọtí pípọn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ha gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà dànù, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn gbo ìkòkò, mo sì da omi tó ń hó sí i. Mi ò sọ fún wọn, torí mo fẹ́ kí ọtí tó máa dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yà wọ́n lẹ́nu. Ojú wọn náà ò sì ríran dáadáa mọ́.

Ọtí yẹn ò hó. Ó kàn kan ni, kíkan burúkú. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kan. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló ti gbó." Háà! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà, á tún dáa." Ọ̀dájú èèyàn ni mí.

Wọn ò pọntí mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ṣì ń sáré.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú méjì nínú àwọn tí mò ń kọ́ lọ kí wọn ní Inísà, a sì gbé ọtí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ dání. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ ọtí tuntun láti fi súre fún un. Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá ti ṣe é tán, màá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bà á jẹ́ fún yín."

Èmi ni mo ti ọwọ́ bọ ọtí náà. Wọ́n sì ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi ò ní gbó láéláé. Mo ṣe àmín.