Bàtà Pupa inú Fọ́tò Suncheon

Ẹrẹ̀ odò tún rùn wọ yàrá mi láàárọ̀ yìí, òórùn iyọ̀ àti koríko tó ń jẹrà, òórùn Thamesmead wa létí odò Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ì bá ti ti fèrèsé kíá. Èmi jókòó, mo fà á símú, mo sì rántí ọdún tí ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nítorí fọ́tò.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Daddy ń ṣiṣẹ́ ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Park, ará Kòríà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, padà sílùú rẹ̀, ó sì ní kí Daddy wá kí òun ní Suncheon, ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Daddy, tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kì í kọjá Woolwich ìtòsí wa, ní òun máa lọ. Ó ní òun fẹ́ wo àbàtà ńlá ibẹ̀, àwọn ẹyẹ tó ń bà síbẹ̀, àti ìlú àtijọ́ kan tí odi yí ká, tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú ilé koríko.

"Àbàtà?" ni Mummy wí. "Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí ti tán ni?"

Ìfura loògùn àgbà, Mummy ò sì fi oògùn yẹn ṣeré. Bí Daddy ṣe dé, ó gbóòórùn kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú báàgì rẹ̀, ó yẹ ojú rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ẹja wò lọ́jà. Nígbà tó yá, wọ́n fọ fọ́tò. Koríko etí omi lọ salalu. Òrùlé ilé ibẹ̀ jọ ti abúlé ìyá-ìyá Daddy létí ọ̀sà. Daddy fúnra rẹ̀ dúró níwájú ilé òrìṣà àtijọ́ kan, láìwọ bàtà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilẹ̀ mímọ́ la ń bọ́ bàtà fún. Ìyá Àdúrà tó wá kí wa rí fọ́tò náà, ó fò dìde. "Brother! Ẹ ti lọ forí balẹ̀ fún òrìṣà!"

Daddy ní àṣà wọn ni, pé wọn kì í wọ bàtà wọ ilé èèyàn pàápàá. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹsẹ̀ Daddy nígbà tí Mummy na ìka sí ẹnu ọ̀nà inú fọ́tò. Bàtà dúdú Daddy wà níbẹ̀. Bàtà obìnrin kan, kékeré, pupa, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Daddy, ta ló ni eléyìí? Ta ló ya fọ́tò tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín báyìí?"

"Màmá Park ni. Ìyá arúgbó."

"Arúgbó wo ló ń wọ bàtà pupa?"

Ọjọ́ kejì, Mummy di ẹrù. Ó ní ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Morris Walk lòún ń lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó lé àpò ẹrù rẹ̀, mo kọ̀, n ò dìde. Daddy ò pariwo. Ó ní, "Tó bá di Sunday, jẹ́ ká jọ lọ sí àbàtà ẹ̀yìn ilé yìí, kí o wá rí nǹkan tí mò ń wò."

"Màá lọ," ni Mummy wí. "Màá lọ ṣọ́ yín ni."

Ó lọ, ó sì tún lọ ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Ó ń ṣọ́ ọkọ, ó ń kọ́ orúkọ ẹyẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ ń kúrò nínú àpò, tó ń padà sínú wọ́dùróòbù. Ṣùgbọ́n títí dòní kò gbà pé arúgbó ló ni bàtà yẹn.

Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ilé tá a mọ̀ nígbà náà. Daddy ti sùn nínú Olúwa. Àbàtà ò kúrò níbi tó wà, Mummy náà ò sì yé lọ ní ọjọ́ Sunday, tọ̀pátọ̀pá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a dé ibẹ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Mummy, ta lẹ tún wá ń ṣọ́ báyìí?"

Kò wo ojú mi.

"Mò ń bá Daddy rẹ wò ó ni."